Ẹ̀rọ Èémí Akíndúró

Bí ẹ bá gbé sítóòfù gáàsì tó ń jò dé àdúgbò Kofar Doya ní Sókótó, ẹnikẹ́ni ni yóò júwe ṣọ́ọ̀bù Abdulrasaq fún yín. Ẹ múra ìbáwí sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Yóò bi yín léèrè ẹni tó fi ọ̀bẹ ìdáná tú orí sìlíńdà, yóò pòṣé, yóò tún un ṣe, yóò sì fi ìṣó lu ojú àmì mẹ́ta tó ṣù jọ sára idẹ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn ló máa ń gba àmì yẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó sì ti pẹ́ ní Sókótó débi pé Haúsá ló fi ń bínú.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Ayọ̀dèjì gbé nǹkan tó fi àpò sìmẹ́ńtì wé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọwọ́ àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri ló ti rà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi láyé ọjọ́un ni. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì bá mi rọ irú rẹ̀ kan sí i. Ti àtijọ́ á wà nínú gíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé tuntun lọ́wọ́ wò."

Idẹ roboto ni, ó tó abọ́ ìjẹun, rọ́bà gígùn méjì sì so mọ́ ọn: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ wá sẹ́nu, èkejì ń gbé èémí jáde. Abdulrasaq yí i padà. Ojú àmì mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló sọ. Kò pòṣé, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ayọ̀dèjì, tí wọ́n ti kìlọ̀ ẹnu rẹ̀ fún, rò pé oríire òun ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Abdulrasaq nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ilẹ̀kùn dáàmù ṣe gbà á síṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, Akíndúró, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló ń gbé e mòòkùn. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Akíndúró wọ inú omi, òkú rẹ̀ ni wọ́n fà jáde. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rù ló bà á, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó tú ẹ̀rọ náà wò. Ṣùgbọ́n Abdulrasaq mọ̀ pé nígbà tí wọ́ṣà òyìnbó tó ń dí ojú ìsopọ̀ ẹ̀rọ náà tán, awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó lòun gé sípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé òun lòun pa ọ̀rẹ́ òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó fi iṣẹ́ omi sílẹ̀, ó gba ti gáàsì.

Àlàkẹ́, ìyàwó Akíndúró, kò padà sí Ìlọrin, ìlú rẹ̀. Àdúgbò Minanata ní Sókótó náà ló ń gbé, ó ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú ní Mabera, kì í sì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá kí ó má gbé mọ́ínmọ́ín wá fún Abdulrasaq. Abdulrasaq ń jẹ ẹ́, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ó ń jí i jẹ.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń rìn yí ẹ̀rọ náà ká kó tó tú u. Wọ́ṣà awọ ló kọ́kọ́ wá. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó jókòó síbi tó fi í sí, etí rẹ̀ pé. Kò jò rí. Abdulrasaq jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yọ rọ́bà kékeré tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, èyí tó ń jẹ́ kí èémí jáde tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ó ti wú, ètè rẹ̀ méjèèjì kò pàdé mọ́, ọ̀rá sì ti dì sínú rẹ̀. Páúdà nìkan ni Abdulrasaq ń fi sára rọ́bà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fi ìkìlọ̀ pé ọ̀rá máa ń ba rọ́bà jẹ́ dá a lágara.

Nígbà tó ń rọ èyí tuntun, ó gé ẹnu pẹ́pẹ́yẹ méjì. Ó fi páúdà sí ọ̀kan. Ó ri èkejì sínú agolo òrí tí Àlàkẹ́ fún un fún gìgísẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó wà nínú òrí ti wú, ètè rẹ̀ ti là. Inú Abdulrasaq dùn pé kì í ṣe awọ òun ló pa ọ̀rẹ́ òun. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó pinnu pé bí Àlàkẹ́ bá dé ní Jímọ̀, òun yóò fi hàn án.

Àlàkẹ́ dé, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì kan ẹ̀rọ náà lórí tábìlì.

"Yéè! Ti ọkọ mi rè é!" Ó fọwọ́ pa á lára. "Bàbá Ibraheem, mo tọ́jú nǹkan yìí o. Ọyẹ́ ọdún yẹn tó ń gbé e wálé, gbogbo rọ́bà ara rẹ̀ ni mo ń fi òrí pa, tinú tẹ̀yìn, kó má baà sán bíi gìgísẹ̀ wa. Á ní ìyàwó òun ń kun ẹ̀rọ bí ọmọ tuntun." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa, àbí?"

"Ẹ tọ́jú ẹ̀, Ìyá Zahra."

"Kí ló wá ṣe é? Wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù kì í ba ọkọ mi. Ẹ ti tú u, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Rọ́bà tó wú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Àlàkẹ́. Abdulrasaq mú un, ó jù ú sápò.

"Kì í ṣe ẹ̀rù. Èmi ni mo fi awọ gé wọ́ṣà sínú ẹ̀. Wọ́ṣà yẹn ló jò. Ọwọ́ mi ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò há a lẹ́nu rárá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ ọ.

Àlàkẹ́ dé ọmọrí abọ́ náà padà. "Ẹ sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi," ló sọ. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó dá kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù dúró, ó lọ.

Nígbà tí Ayọ̀dèjì wá kó ẹ̀rọ méjèèjì, ó ní òun fẹ́ kọ ìwé pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó béèrè ohun tó ba ti àtijọ́ jẹ́. Abdulrasaq ní kó kọ wọ́ṣà.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá dúró. Kò sí èyí tó gbé Àlàkẹ́ wá. Nígbà tó ṣe, ó wọlé, ó fi òrí tó ṣẹ́ kù nínú agolo pa gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.