Ohun Tí Ọkọ Mi Kò Sọ fún Mi

Agbẹjọ́rò ni ọkọ mi, olófòófó sì ni èmi ìyàwó rẹ̀. Rumuokwuta là ń gbé, nígbà ìjọba ológun.

Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní adájọ́ ti pàṣẹ kí òun sọ ohun tí oníbàárà òun kan fi lọ òun. Opó ni obìnrin náà, ẹja ló ń yan tà ní Amadi-Ama. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ti arákùnrin àwọn, kó mú un jáde nílé àwọn. Agbẹjọ́rò wọn ní ó dájú pé ó ti jẹ́wọ́ fún ọkọ mi.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kó sọ ọ́ ná, bí ẹjọ́ bá parí, kó lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ó ní, “Bí gbogbo ayé bá ti gbọ́ tán, kí ni wọn ó tún bá wa gbà padà? Ẹyin lohùn.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ló pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Adájọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan: kó gba ìwé tó máa dá àṣẹ náà dúró wá láti kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu, tàbí kó sọ̀rọ̀, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n.

Mo ń di báàgì ẹ̀wọ̀n fún un, inú ń bí mi.

“Dádì, èmi náà lẹ ń fi pamọ́ fún?”

“Bá mi fi ọṣẹ sí i, màmá.”

Mo bá a yan odì. Báyẹn ló ṣe lọ sí Enugu.

Kò tíì dé tí obìnrin náà fi wá. Kò fẹ́ jókòó.

“Madam, if dem wan lock Oga, e go talk am?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mi ò mọ òfin kankan tí mo lè fi tù ú nínú, àfi ìbínú mi.

Mo ní, “My sister, me wey dey cook for am, I don beg, I don vex, I no even greet am again. E never tell me.”

Ó wò mí dáadáa. “You sef no know?”

“I no know anything.”

Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó sunkún tẹ́rùn. Mo dì í mú.

Ọkọ mi gba ìwé náà bọ̀. Nígbà tó yá, kóòtù Enugu fagi lé àṣẹ adájọ́, ọmọ náà sì dàgbà sínú ilé bàbá rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ mi dé, mo kí i káàbọ̀, mo gbé oúnjẹ fún un, mi ò sì bi í ní nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.