Bí A Ṣe Ń Di Ẹ̀kọ Nílé Wa

Ẹ̀kọ gbígbóná jó mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sí ààyè àtipariwo, torí pé ọkùnrin mẹ́ta ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa ní Pápá Àjàó. Ọ̀kan nínú wọn mú ẹ̀kọ kan lọ́wọ́, ó gbé e sókè bí ẹni mú ẹ̀rí wá sí kóòtù.

"Ìyá, ta ló di ẹ̀kọ yìí?"

Ìyá ẹlẹ́kọ tá a jọ ń gbélé ló ń bi, Màmá la máa ń pè é. Ó ń ro ẹ̀kọ lọ, ọmọrogùn ń gbá ìdí ìkòkò, òórùn ògì kíkan àti èéfín igi gba gbogbo àgbàlá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Yàrá Màmá ló sún mọ́ ilé ìdáná jù, tiwa ló tẹ̀ lé e. Kò bá wa tan rárá, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di ẹni tí yóò máa bá a nu ewé nìyẹn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọbìnrin kan ti wà nínú yàrá rẹ̀, ó sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò àgbàdo. Ọkùnrin tó mú ẹ̀kọ lọ́wọ́ yìí gan-an ló mú un wá láti ilẹ̀ Ègùn, ní òdìkejì bọ́dà, pé òun fẹ́ wáṣẹ́ fún un. Bẹ́kírì kan ló fà á lé lọ́wọ́. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tì í mọ́lé, wọ́n sì ń fi wáyà nà án tó bá tòògbé nídìí iná. Nígbà tó ráyè sá, ọ̀dọ̀ Màmá ló sá wá. Gbogbo àwọn ọmọ àlejò tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò ló mọ̀ pé ìyá ẹlẹ́kọ kan wà tó máa ń bá èèyàn dé ọ́fíìsì ìjọba, tí kò sì ní dìde níbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ̀rọ̀ ẹni náà sílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá wọn náà mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ti rán àwọn ọmọ ìta wá da ìkòkò ògì rẹ̀ nù, pé kó yé tọpinpin ohun tí kò kàn án. Màmá gbá ilẹ̀, ó rẹ àgbàdo míì. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tó ń fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ó ní, "Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé ní Ìdó, mo kéré sí ọmọ yìí. Ilé tí wọ́n mú mi lọ, wọ́n lù mí títí. Ẹnikẹ́ni ò béèrè mi."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe. Màmá ò lè rí èèyàn kó jókòó lásán. Ó ní ìrònú á pa ọmọ náà, ló bá gbé ewé fún un pé kó máa bá òun di ẹ̀kọ nínú yàrá. Ọmọ náà ń dì í bí wọ́n ṣe ń dì í nílé wọn. Tiwa, a máa ń ká ìdí ewé sábẹ́, tá a bá gbé e kalẹ̀, á jókòó. Tirẹ̀ gùn. Á fi ewé méjì lé ara wọn, á lọ́ orí wọn, á wá ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́. Màmá ní ẹ̀kọ rẹ̀ dà bí ẹni tó sùn lọ. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, a máa ń jókòó tì í kó kọ́ wa, á máa fi wá rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ wa le bí igi. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ewé lè tú àṣírí èèyàn. Ẹ̀kọ rẹ̀ bá tiwa jáde lọ sí ìta, ó dé ọwọ́ ọkùnrin yìí.

"Ìlú wa ni wọ́n ti ń dì í báyìí," ó ní. "Ìyá, ẹ mú ọmọ yẹn jáde, kí n má bàa wọlé fúnra mi."

Igi wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tó tẹ̀ lé e.

Màmá fi ọmọrogùn sílẹ̀. Ó mú ewé méjì, ó bu ẹ̀kọ sí i, ó lọ́ orí ewé, ó ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, ó nà án sí ọkùnrin náà. Mi ò mọ ìgbà tó kọ́ ọ títí dòní.

"Èmi ni mo dì í. Ṣé o fẹ́ òmíì?"

Ọkùnrin náà ní irọ́ ni. Mo fẹ́ sá wọlé, àmọ́ ọwọ́ mi ti mú ewé. Mo di tèmi, omijé ń bọ́ lójú mi nítorí ooru, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ìyá mi tó ti ń kìlọ̀ fún wa látọjọ́ yìí pé ká má dá sí ọ̀rọ̀ náà wá jáde, ó jókòó sórí àpótí, ó di tirẹ̀. Kò dára rárá, ẹ̀kọ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn. Àwọn obìnrin ilé yòókù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa àpótí, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń dì. Ká tó mọ̀, ẹ̀kọ gígùn ti kún orí tábìlì.

Màmá ní, "Báyìí la ṣe ń dì í nílé yìí. Èwo lo fẹ́ mú nínú wa?"

Ọkùnrin náà wò wá yíká. Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú lójú fèrèsé. Ó ju ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Màmá ṣà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò tíì bàjẹ́. Òun la kọ́kọ́ fi jẹ àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ náà jókòó sáàárín wa. Mi ò rò pé mo tíì jẹ ẹ̀kọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin lọ́yà kan bá Màmá gba ìwé ọmọ náà padà, wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ti dolóògbé báyìí, ó pẹ́ díẹ̀. Súrùlérè ni mò ń gbé, mi ò sì ta ẹ̀kọ rí, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín, ewé ni mo máa ń lò, ọwọ́ mi ò sì mọ ọ̀nà míì tó fi ń dì í.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń di mọ́ínmọ́ín, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn tó ń gbé lókè ilé wa ṣiṣẹ́ wá tọrọ omi. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wolẹ̀, kò wòkè, ọwọ́ mi ló ń wò. Ojú ibi tí wọ́n ti nà án hàn lápá rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ìlú wa ni wọ́n ti ń dì í báyìí. Ta ló kọ́ yín?"

Mo ní ará ilé wa ni. Mo fa àpótí fún un, mo gbé ewé lé e lọ́wọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn.