Bí A Ṣe Fi Fésíbúùkù Polongo Ìyá Bíọ́lá ní Ṣómólú

Ológun ti padà sí bárékè tipẹ́, ìjọba alágbádá ti di ohun tí à ń bú láìwẹ̀yìn, Fésíbúùkù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí àwọn àgbà Ṣómólú ń bẹ ọmọ wọn pé kí wọ́n bá àwọn ṣí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi fóònù jà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa atẹ̀wé kéékèèké. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní yàrá kan lẹ́yìn, níbi tí Ìyá Bíọ́lá, tó ń di ìwé, ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn kò lágbára níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Alága wa fẹ́ gba yàrá náà kó lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Bíọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bí ìdìbò ẹgbẹ́ ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dìde nínú ìpàdé, ó ní òun náà fẹ́ du ipò alága.

Alága bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Bíọ́lá, ẹ máa di ìwé yín jàre.”

“Mo ti dì í tán, Alága. Ẹrù yín ló kàn.”

Mo ní ká gbé ìpolongo rẹ̀ sórí Fésíbúùkù, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Bàrígà àti Fọlá Àgórò lè rí i. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń bọ́ wa jù nígbà náà ni pósítà òkú, ọwọ́ wa ti mọ́ ọn jù. A fi àwòrán ìyá sínú òbíríkítí, a to òdòdó funfun yí i ká, a tan ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn orí rẹ̀, a wá kọ “Ìyá Rere” gàdàgbà sókè. Gbogbo wa ló yìn ín.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti kún abẹ́ rẹ̀. “Ó dàárọ̀ o, màmá wa.” “Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.” Àbúrò Ìyá Bíọ́lá sunkún dé láti Ọbaníkòró, ó bá a nídìí ẹ̀bà.

“Akọ̀wé!” Ìyá Bíọ́lá ké sí mi. “Ta ló pa mí?”

“Ìyá, a fẹ́ kó lẹ́wà ni.”

“Ó lẹ́wà. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí mo bá kú.”

Alága fi ṣe ẹ̀sín. Ó ń bi àwọn ènìyàn ní gbangba bóyá òkú ni wọ́n fẹ́ dìbò fún. Àwa ní ká tẹ ìwé ìpolongo kún ìgboro. Ìyá Bíọ́lá kọ̀.

“Ẹ gbé fóònù wá. Ẹ má yìn mí mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi.”

Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọbìnrin náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú àti gọ́ọ̀mù. A ká a sínú fídíò, ó ní: “Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò tíì kú. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí bó ṣe ń rán ìwé. Tí wọ́n bá gba yàrá yìí, ibo ni yóò jókòó sí?”

Nígbà tí a gbé e sórí Fésíbúùkù, àwọn tó ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń fi fídíò náà ránṣẹ́ káàkiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Àwọn mìíràn béèrè bóyá ó lè di ìwé fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn wọn. Kò sí ẹni tó béèrè tí a kò dá lóhùn. Iṣẹ́ tó bá ju agbára rẹ̀, ó ń pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, títí kan àwọn tó ń tẹ̀lé Alága.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ̀yìn ẹni tí a fẹ́ la máa ń tò sí. Ìlà Ìyá Bíọ́lá gba ẹnu ọ̀nà jáde bọ́ sí títì.

Alága bojú wẹ̀yìn, ó rí mi lápá kejì. “Akọ̀wé, ìwọ náà?”

“Ẹ má bínú, Alága. Òkú yìí ń sọ̀rọ̀ jù yín lọ.”

Yàrá náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Alága bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì dùn mí, torí a kò tíì rí ẹni tó mọ àwọ̀ ìtẹ̀wé pò bíi tirẹ̀. Ohun tó kù nìyí: ojú àwọn ọmọbìnrin yẹn la fi polongo, àmọ́ òfin wa kò gba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ láyè láti tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìyá Bíọ́lá gbé e wá sípàdé, àwọn ọkùnrin ní àwọn yóò rò ó. Wọ́n ṣì ń rò ó.

Níbi ìpàdé tó kọjá, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ báyìí wọlé, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ kí àwọn dìbò dìde sọ ìdí rẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́.

Kò sẹ́ni tó dìde.