Atẹ́gùn Díẹ̀ Ni

Páànù mẹ́rìnlá ló ṣí kúrò lórí ilé ìyá kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn fò kọjá títì, ó lọ gún igi kòkó lára bí àdá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, ‘breeze’ ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Opó ni ìyá yìí, àgbẹ̀ oníṣu ní Ọ̀rùn Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, ọ́fíìsì pọ̀ ju àga lọ, èmi sì ni mo ń kọ ìròyìn láti apá gúúsù. Mo gun ọ̀kadà láti Ìsẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọlọ́kadà ti jẹ́rìí kí a tó débẹ̀.

“Bọ̀dá, ìjì yẹn gbé mi sọ sínú kòtò. Mo ń wá ọ̀kadà mi kiri nínú òkùnkùn, àṣé òun ló wà lórí mi.”

Ìyá jókòó sí pálọ̀, oòrùn ń ta á lórí. Ó ti kó àpótí àti ibùsùn rẹ̀ sí igun kan, ó da aṣọ bò wọ́n.

“Ẹ kú ewu, Ìyá.”

“A dúpẹ́ o. Atẹ́gùn díẹ̀ ni.”

Gbólóhùn yìí gan-an ló kó bá a. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òṣìṣẹ́ kan wá láti ọ́fíìsì tó ń pín páànù fún àwọn tí ìjì bá ilé wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lórí fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀: ‘breeze’, ‘wind’, ‘gale’, ‘storm’. Ó kí ìyá kú ewu, ìyá dá a lóhùn bó ṣe dá mi lóhùn, òṣìṣẹ́ sì fàmì sí èyí àkọ́kọ́. Ọ́fíìsì ní ‘breeze’ kì í ṣí òrùlé. Òrùlé tó bá bá a lọ, ó ti jẹrà tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n yọ orúkọ ìyá.

“Kí ló dé tí ẹ ní díẹ̀ ni?”

“Ọmọ mi, àlejò wọlé, ó kí mi. Ṣé kí n wá ká ọwọ́ lérí fún un ni? Mo ṣáà wà láàyè.”

Aládùúgbò rẹ̀ kan, àgbẹ̀ olóko kòkó, yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Atẹ́gùn bàbá ta ni? Ìjì ni! Ẹ máa fi ìwà pẹ̀lẹ́ yín ka ìràwọ̀ lórí ibùsùn.”

“Ìwọ tí ulé tìẹ ò ṣí,” ni ìyá wí, “òun ló jẹ́ kí ẹnu rẹ gbà á láti pè é ní ìjì.”

Mo mú ìwé atúmọ̀ èdè jáde nínú báàgì mi. Ó ní ‘breeze’ ni afẹ́fẹ́ tó ń rọra fẹ́. Ó tún ní ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó rọrùn láti ṣe. Mo túmọ̀ méjèèjì fún ìyá.

“Èwo nínú wọn ló gbé páànù mi?”

Àwa náà ní tiwa: afẹ́fẹ́, atẹ́gùn, ẹ̀fúùfù, ààjà, ìjì. Ohun tó bá gbé la fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú àlejò, a máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kán lẹ́sẹ̀, “ó fara pa díẹ̀” ni ìyá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i, kó má baà dà bí aláìmoore sí Ọlọ́run. Àlejò náà ló mọ bí yóò ṣe gbé e padà sókè lọ́kàn ara rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni òṣìṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni kò mọ̀.

Ìyá fọwọ́ kan ògiri. “Amọ̀ ni. Bí òjò ńlá mẹ́ta bá rọ̀ sí i, ó di ebè uṣu.” Ìkùukùu ti ń ṣú lọ́nà Ìkẹ́rẹ́.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, mo sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọ̀gá wọn kà á tán, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀.

“Àwa náà ní ìyá nílé,” ó wí. “Lọ́jọ́bọ̀, a óò rán káfíńtà lọ. Kò ní bi ìyá ní nǹkan kan. Igi àjà ni yóò wò. Bó bá jẹ́ igi tó le ló dá, ìjì ni, ìyá á gba páànù. Bó bá jẹ́ ikán ló ti jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí.”

Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù kó di Ọjọ́bọ̀, òjò sì ń bọ̀.

“Mo mọ̀. Ẹ bá wa sọ fún ìyá: títí káfíńtà yóò fi dé, kí wọ́n má fi ohunkóhun bo ilé náà.”