Ojú Ọ̀bọ Nínú Eruku Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jókòó ní ilé ìwé, kálámù kò sì tíì mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo rántí ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin, tí bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gé òkúta pupa lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró òkúta lára òkúta, ọkàn mi a fà sílé. Bàbá mi ra ọ̀bọ kékeré kan lọ́wọ́ ọdẹ, ó so ó mọ́ òpó àtíbàbà kí ó lè máa fa oníbàárà. Èmi ni mo ń fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí òun nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ṣe ipin, ọ̀kan sì di funfun. Bàbá mi ní bí èkejì bá fọ́, òun yóò dá a padà fún ọdẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé inú ìkòkò ni ọdẹ yóò gbé e sí. Èmi ọlọ́gbọ́n wá ń fi tìróò sí i lójú láràárọ̀, bí ìyá mi ti ń fi sí wa.

“Ẹ wá wo ìyàwó ọ̀ṣìngín!” ni àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi wí. “Ẹ pe Lèmọ́mù kó wá so yìgì!”

Ojú náà túbọ̀ burú. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá bàbá mi ń wo bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì.

“Bí ojú bá ń ṣe ipin, ojú náà ni à á fi í hàn,” ló wí. “Ẹ̀yin ń bọ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, eruku òkúta yín ń ṣàn lọ. Ta ló ń bá ọ̀bọ yìí ṣe àlùwàlá?”

“Ìyá, ọ̀bọ kì í kírun,” bàbá mi dáhùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó yé mi pé ṣe ni mo ń fi tìróò po eruku mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n n kò gbé ohunkóhun kúrò lábẹ́ àtíbàbà yẹn rí láìjẹ́ pé wọ́n rán mi. Mo ti wà nílé ọkọ báyìí, ẹ̀rín ara mi sì ń pa mí bí mo bá rántí bí ẹ̀rù ṣe bà mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí bàbá mi tó ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bu omi sínú búùtà àlùwàlá, mo rọra bọ́ ojú ọ̀bọ náà títí ipin fi kúrò. Mo tú okùn rẹ̀ lára òpó, mo gbé e lọ so mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, níbi tí eruku òkúta kò dé. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.