Bẹ́líìtì Báàsì Bọ̀ọ̀dá Láyí

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá ẹgbẹ́ olórin Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ṣe ìdánrawò ní Súrùlérè, orin kan péré la tíì ṣe tó fi ní ká dúró. Mo rò pé mo ti ṣi ohùn tẹ̀ ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Fúnmi, jọ̀ọ́, ṣé o pọ́n ọmọ síwájú ni? Gbé jìtá yẹn wálẹ̀. Ó ti fẹ́ kàn ẹ́ lágbọ̀n."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń gbé jìtá sí náà ni mo gbé e sí. Mi ò rò ó rí pé ó lè wà níbòmíràn.

Jìtá báàsì kì í ṣe jìtá kékeré tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akọrin. Ó wúwo, ọrùn rẹ̀ gùn, wáyà mẹ́rin tó nípọn ló wà lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ débi pé ará àdúgbò kejì lè má gbọ́ orin, kó sì gbọ́ báàsì. Bẹ́líìtì tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká ló ń pinnu ibi tó máa dúró lára. Bí bẹ́líìtì bá kúrú, jìtá á gun àyà. Bó bá gùn, á bọ́ sí itan. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta wáyà, ọwọ́ òsì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn jìtá. Ọwọ́ òsì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Mo tú bẹ́líìtì, mo sọ jìtá kalẹ̀ títí ó fi dé itan. Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun pàtẹ́wọ́. "Ẹn-ẹ́n! Wò ó, o ti di olórin gidi." Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń pè wá ṣeré máa ń fi ojú wo orin kí wọ́n tó fi etí gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ kí gbogbo wa rí bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà.

Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ òsì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Bí jìtá bá wà nísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ ní láti tẹ̀ gan-an kí ìka tó lè dé orí wáyà. Mo fi róòbù pa á, mo fi omi gbígbóná jó o. Nígbà tó yá, ìka mi á kàn kú láàárín orin, agbára tí mo fi ń tẹ wáyà á dín kù, báàsì á sì máa dún ràì-ràì bíi páànù tí ìṣó rẹ̀ ti yọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ń di irun fún Tọ́lá, ọmọ mi, tí ìka mi tún kú. Irun bọ́ lọ́wọ́ mi. Tọ́lá yíjú padà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti sùn ni?"

Mo ní rárá, mo kàn ń sinmi. Ẹ̀rù bà mí dé ìdí ọkàn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀, òun ni mo sì fi ń tọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá ní kí n fi ọwọ́ sinmi, àmọ́ eré ńlá kan ń bọ̀ níwájú wa ní gbọ̀ngàn kan ní Iganmu, Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun sì ti gbọ́ bí wáyà mi ṣe ń dún.

"Fúnmi, bí ọwọ́ yẹn ò bá ní jẹ́ kó dáa, tètè sọ kí n wá ẹlòmíràn," ló wí. "Kì í ṣe ìjà o."

Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Yaba, máa ń sọ pé ìbéèrè mi ló máa pa òun. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo oníbáàsì tí mo bá pàdé, ìbéèrè kan náà ni: kí ló dé tí ẹ fi gbé e síbẹ̀?

Ọkùnrin kan wà ní Yaba tó máa ń bá ẹgbẹ́ olórin régè kan ta jìtá báàsì. Jìtá tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lórúnkún.

"Sístà, ó ń dùn ún wò lórí sítéèjì ni," ó dá mi lóhùn.

"Ọwọ́ kì í wá ro yín?"

Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ibi tó le bá dé, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé orí sípíkà kí jìtá lè gòkè. Àwọn èèyàn rò pé ijó ni."

Èkejì ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Tirẹ̀ ga sáyà bí aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ọmọdé lọ́rùn tó bá fẹ́ jẹun. Ó ní pásítọ̀ àwọn ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, pé bí jìtá bá ń jó níwájú itan, ojú àwọn ará ìjọ kò ní kúrò níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ni, Àǹtí."

Ọ̀kan gbé e sísàlẹ̀ nítorí ojú ayé, èkejì gbé e sókè nítorí ojú pásítọ̀. Kò sí ẹni tó bi ọwọ́ léèrè. Mo wá gbé jìtá mi, mo lọ bá ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ní Mushin.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Láyí. Irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, síbẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Òun ló kọ́ mi ní báàsì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo wà ní ọmọge. Láyà ló máa ń gbé jìtá rẹ̀ sí, àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń pa òfin mọ́. Èmi tilẹ̀ ti bá ènìyàn jiyàn rí pé àyà ni ẹ̀mí orin ń gbé.

Mo kí i tán, mo bi í. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí jìtá yín fi máa ń wà láyà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi léèrè ìdí tó fi ní imú. "Bẹ́líìtì ni kò gùn."

"Ẹn?"

"Nígbà tí mo ra jìtá yìí, kò ní bẹ́líìtì. Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládìpọ̀, wọ́n bá mi tú bẹ́líìtì ìjókòó lára mọ́tò kan tó ti kú. Wọ́n gé e kúrú. Aránbàtà bá mi rán an pa, kò ṣeé fà gùn mọ́. Ibi tó gbé jìtá dé ni mo ń lò látìgbà náà."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo wa la rò pé ọgbọ́n ni!"

"Ẹ ò béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà." Ó di ọwọ́ òsì mi mú, ó tẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó rí i pé mo fajú ro. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Jókòó. Yọ bẹ́líìtì kúrò."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé jìtá lé itan. Ó ní kí n ta ohun tó bá wù mí. Mo ta á, mo sì wo ọwọ́ mi: ọrùn ọwọ́ nà gbọọrọ, kò tẹ̀ rárá. Ó ní kí n so bẹ́líìtì padà, kí n dìde, àmọ́ kí jìtá má ṣe kúrò níbi tó wà. Òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn mi, ó ń fa bẹ́líìtì mi sókè, ó ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èmi dijú, mo ń ta orin kan náà, títí mo fi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ibí yìí ni." Nígbà tí mo lajú, jìtá wà lókè ìdodo díẹ̀. Ó ga ju ti Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun lọ dáadáa, kò sì dé ibi ti Bọ̀ọ̀dá.

"Kí ló dé tí kò bá tiyín dọ́gba?" mo tún béèrè.

Ó na apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tèmi gùn jù ú lọ. "Ìka ò dọ́gba," ó ní, "ṣé apá lo wá fẹ́ kó dọ́gba?"

Mo fi ọwọ́ sinmi títí ó fi ku díẹ̀ kí a lọ sí Iganmu. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ní kí n má gbé jìtá sáyà, mi ò gbé e sáyà. Itan ni mi ò jẹ́ kó dé. Ó ṣíjú wò mí lórí ìtàgé, àmọ́ orin ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tó le jù, mo ń retí kí ìka mi kú. Kò kú. Báàsì ń dún kíkankíkan, kò sí ràì-ràì kankan nínú rẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti wo ojú àwọn èèyàn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá mi. "Fúnmi, báàsì ẹ yàtọ̀ lónìí. Ṣé o pààrọ̀ wáyà ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e dé ibi tó fẹ́ wà ni."

Ó tún wo jìtá náà dáadáa. "Kò kúkú burẹ́wà." Kò tún ní kí n gbé jìtá wálẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo di irun Tọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irun dídì kéékèèké tó máa ń gba àkókò, mo sì kọrin sí i.

Mo ra bẹ́líìtì tuntun, èyí tó ṣeé fà gùn tó sì ṣeé fà kúrú, mo gbé e lọ fún Bọ̀ọ̀dá Láyí láti fi dúpẹ́. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọmọdé. A yọ ti àtijọ́ kúrò lára jìtá rẹ̀, a fi tuntun sí i. Ó dijú, èmi ni mo dúró sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ jìtá kalẹ̀ dé itan, ó mirí. Mo gbé e dé ìdodo, ó mirí. Mo ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ní, "Ó tó." Mo bọ́ bẹ́líìtì náà lọ́rùn rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì mọ́tò àtijọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n.

Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló bi mí, ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe àwàdà: "Fúnmi, ṣé bẹ́líìtì yìí ló bá ara mi mu ni, àbí ara mi ló ti lọ bá a?"

Mi ò mọ̀. Títí dòní, mi ò tíì mọ̀.

Ó dá bẹ́líìtì mọ́tò padà sára jìtá rẹ̀, ó ká tuntun yẹn sí mi lọ́wọ́. "Mú un lọ. Èmi ti dé ibi tí mò ń lọ." Òun ni mo ń lò báyìí. Kí n tó gbé báàsì kọ́rùn, níbikíbi tí a bá ti fẹ́ ṣeré, mo máa ń wá àga kan jókòó, màá gbé e lé itan, màá sì kọ́kọ́ bi ọwọ́ mi léèrè.