Ẹní Tí Bàbá Oyèdélé Ń Sáré Lé Lórí

Bí ènìyàn bá fi ọdún mẹ́ta gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé òun ró, tí ìdáhùn sì wá dé nínú páálí gẹ́ẹ̀mù ọmọdé, ta ni kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ti béèrè lórí ìkúnlẹ̀, mo ti béèrè lójú ọ̀nà oko, n kò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, bóyá ẹ̀yin á rí i.

Jọláyẹmí Oyèdélé ni télọ̀ tó ń rán sùtánà fún ìjọ wa ní Ìkìrun. Láti Inísà títí dé Òkukù, bí o bá rí aṣọ funfun tí ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa, ọwọ́ Bàbá Oyèdélé ni. Ogójì ọdún gbáko ló fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní òtútù ni. Nígbà tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ó ní ojú ló ń dun òun. Àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kò rí àwáwí kankan ṣe mọ́. Dókítà kan l'Óṣogbo sọ fún un pé àìsàn ọpọlọ ni, Pakínsìn lorúkọ rẹ̀. Oògùn á mú kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò ní lọ pátápátá.

Ìjọ gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bàbá gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́, àmọ́ ní kọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀, ó ń ṣe é bíi pé gbígbọ́ ọ̀hún ti ń pẹ́ jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù kì í ṣe ikú, ìkórè ni. Ní ìjọ wa, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ èso àkọ́kọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, láìwọ bàtà, láìsí ẹni tó dì í mú. Ọdún tí kò bá lè dá a rìn, ó ti fi ipò náà lé ẹni tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀lé Bàbá ni Kọ́láwọlé ará Inísà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ní ọdún Àjíǹde 1993, Motọ́láyọ̀, ọmọ Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn n'Íbàdàn, gbé páálí kan wálé. Àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ti dàgbà kọjá ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni, àti ẹní rọ́bà kan tí àwọn àmì roboto pupa wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí ẹní náà, tó ń gbẹ́sẹ̀ lé àwọn roboto yẹn, ọkùnrin kékeré inú tẹlifíṣọ̀n á máa sáré. Tó bá fò, ìyẹn náà á fò. Motọ́láyọ̀ ní kì í ṣe oògùn o, pé ara tó bá ń kọ́ ìdúró lójoojúmọ́ kì í tètè ṣubú ni. Ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí Bàbá lè máa rí nǹkan dì mú, ó sì padà s'Íbàdàn. Bàbá sọ ọkùnrin kékeré náà ní Aláìsinmi.

Ìyàwó Bàbá, Adéjọkẹ́, kò lè gbà kí nǹkan tó ń mira wọ ilé òun láìgbàdúrà sí i. Lọ́jọ́ kejì, kí iná tó dé, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ka Sáàmù, ó sì da odindi ìgò omi ìyàsímímọ́ lé e lórí, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí iná dé, Bàbá gun ẹní, ó gbẹ́sẹ̀ títí. Aláìsinmi dúró bí òpó.

"Ìyá Motọ́láyọ̀," ni Bàbá wí, "o ti ṣèrìbọmi fún un, ó ti kú sí ayé."

"Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó bá kú báyẹn á jíǹde ni."

Wọ́n sá ẹní sórí okùn láàárín àwọn sùtánà, àwọn aládùúgbò sì ń béèrè ìjọ tó ń wọ irú èyí. Ní ọjọ́ kẹta, Aláìsinmi sáré. Àmọ́ roboto ẹ̀gbẹ́ òsì ti le. Àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára kó tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òsì gan-an ni ọ̀lẹ ẹsẹ̀ Bàbá.

Bí iná bá ti wà ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á gun ẹní. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí igi tí Aláìsinmi kò forí sọ, Adéjọkẹ́ á sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó nà jáde láti gbà á mú. Nígbà tó ṣe, Bàbá ń tẹ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, òsì, ọ̀tún, òsì. Ó fi àga sílẹ̀. Láti oṣù kẹfà, kò ṣubú mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Kọ́láwọlé wá láti Inísà, ó wò ó títí.

"Jọláyẹmí, ṣé ìwọ àti ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára lẹ wá jọ ń sáré? Ta ló ń borí?"

"Òun ni. Àmọ́ òun kò ní arúgbó Inísà kan tó ń dúró de apẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ọjọ́ ìkórè dé. Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn, ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ bá kọ̀. Kò ṣubú, ó kàn dúró ni, bíi pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ọsàn ń mì nínú apẹ̀rẹ̀. Kọ́láwọlé ti dìde díẹ̀ lórí àga. Bàbá wo ilẹ̀ tó lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, Olúwa, kò sí roboto kankan níbí.

Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, Adéjọkẹ́ jáde sí àárín ọ̀nà. Ó mú ọsàn nínú àwo ìkórè tirẹ̀, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ó gbé òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí pẹpẹ. Bàbá rí ọsàn àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ òsì gbéra, ó kọjá rẹ̀, ó sì tẹ ilẹ̀ gbàmù. Ọ̀tún tẹ̀lé e. Nígbà tó fi gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, Kọ́láwọlé ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣa ọsàn, tó ń ráhùn pé ajá tó ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ ni Jọláyẹmí sọ òun dà.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ, èmi ni mo sì ní láti kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀. Mo lọ bi Bàbá ohun tó gbé e ró, pé ṣé omi ni kí n kọ, tàbí ẹní. Ó ní kí n kọ pé ọwọ́ òun ṣì ń gbọ̀n, kí n kọ omi, kí n kọ ẹní, kí n má sì gbàgbé ìyàwó òun.

"Akọ̀wé, bá mi ṣe nǹkan kan," ló wá wí. "Bẹ́ ẹ bá ṣèpàdé àwọn àgbà, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kun roboto pupa sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pẹpẹ. Gbogbo ìgbà kọ́ là ń rí ọsàn."